Bàbá Ìbejì, ẹ má tíì tọwọ́ bọ ìwé ọdún 5 yẹn

Ìbéèrè: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń wa mínikáàbù, ìyẹn takisí tí èrò ń fi fóònù pè, ní London. Peckham ni mò ń gbé. Mọ́tò mi ti ń ṣàgbà, mo sì fẹ́ gba èyí tó ń lo iná mànàmáná, kí n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 5. Èrò kan tí mo gbé lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá dẹ́rù bà mí. Ó ní kí n má wulẹ̀ náwó, pé mọ́tò tí kò ní dírẹ́bà ti fẹ́ dé, iṣẹ́ wa sì ti tán. Ṣé òótọ́ ni? Báwo tilẹ̀ ni nǹkan ọ̀hún ṣe ń ríran? Àbúrò mi tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn náà ń bi mí, ó ní bó bá ti dé London, kò ní ṣàì dé ọ̀dọ̀ àwọn. Èmi ni Bàbá Ìbejì, Peckham."

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrìn, ẹ kú òtútù. Ẹ bá mi kí àwọn èjìrẹ́.

Ohun tí ẹ wá gbà ni n ó kọ́kọ́ fún yín, àlàyé á tẹ̀lé e. Mọ́tò tí kò ní dírẹ́bà ń bọ̀ ní London lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ya wọ̀lú lọ́jọ́ kan bí omíyalé. Àdúgbò kan ni yóò mú, kó tó mú òmíràn. Irú ìrìnàjò kan ni yóò gbà lọ́wọ́ yín, kó tó nawọ́ sí òmíràn. Ẹ lè gba mọ́tò o. Gbèsè ọdún 5 ni n kò fọwọ́ sí. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ríran, pàápàá nínú ohun tó ń rí tí kì í yé e, nítorí náà ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ó ti pẹ́. Ní Jámánì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ernst Dickmanns, ní yunifásítì àwọn ológun tó wà ní Munich, ti kó kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà sínú bọ́ọ̀sì kékeré Mercedes kan kí ọdún 1990 tó dé. Ní 1987, bọ́ọ̀sì náà sá eré kìlómítà 96 ní wákàtí kan lórí títì márosẹ̀ tí kò sí ọkọ̀ mìíràn. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù tí ẹ fi ń gba èrò. Ọgbọ́n tí ọkùnrin náà dá ni pé kò jẹ́ kí ẹ̀rọ máa wo gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀: ìlà ojú títì àti etí ọ̀nà ló ní kó tẹjú mọ́, bí àwa náà ṣe máa ń ṣe nígbà tí òjò bá bo gíláàsì. Ní 1995, ọkọ̀ rẹ̀ mìíràn gbéra ní Munich, ó dé Odense ní Denmark, ó sì padà wálé, ó lé ní kìlómítà 1,700. Èèyàn jókòó sídìí sítíárì tó ń gbà á nígbà tí ọ̀nà bá ta kókó, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń wakọ̀ fún èyí tó pọ̀ jù, àwọn ibì kan sì wà tó ti sá 175 ní wákàtí kan. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ará Yunifásítì Carnegie Mellon gbé ọkọ̀ tiwọn láti Pittsburgh lọ sí San Diego, ìyẹn láti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà dé etí òkun ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀rọ ló di sítíárì mú ní ìdá 98 nínú ìdá 100 ọ̀nà náà. Èèyàn ló ń tẹná, èèyàn náà ló ń tẹ bíréèkì.

Ẹ ṣírò rẹ̀, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún. Bí ẹ̀rọ bá ti lè ti Munich dé Denmark láyé ìgbà yẹn, kí ló dé tí kò tíì máa gbé èrò láti Peckham dé Elephant and Castle?

Torí pé márosẹ̀ ni márosẹ̀. Níbẹ̀, gbogbo ọkọ̀ kọjú síbì kan náà, kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kò sọ́mọdé tó ń lé bọ́ọ̀lù. Títì ni ẹ̀rọ tètè mọ̀. Èèyàn ni kò mọ̀.

Ìtàn tó tẹ̀lé e náà jẹ́rìí sí i. Ní oṣù Kẹta 2004, DARPA, àjọ tó ń ṣe ìwádìí fún àwọn ológun Amẹ́ríkà, gbé mílíọ̀nù 1 dọ́là kalẹ̀ fún ọkọ̀ tó bá lè dá rin máìlì 142 nínú aṣálẹ̀ Mojave. Ọkọ̀ 15 ló bọ́ sójú ìlà. Èyí tó ṣe dáadáa jù rin máìlì 7 àti díẹ̀, ó sì há sórí ebè. Kò sẹ́ni tó gba owó. Ní oṣù Kẹwàá 2005, ọkọ̀ 5 rin ọ̀nà máìlì 132 já. Stanley, ọkọ̀ Yunifásítì Stanford, tí Sebastian Thrun jẹ́ aṣáájú àwọn tó ṣe é, ló gbapò kìíní, kò sì lò tó wákàtí 7. Ọgbọ́n kan wà nínú Stanley tí mo fẹ́ràn. Lésà orí rẹ̀ kò lè wò jìnnà. Wọ́n wá kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé kó wo àwọ̀ ilẹ̀ tí lésà ti jẹ́rìí sí pé ó tẹ́jú nítòsí, kó wá fi kámẹ́rà wá irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń lọ ló ń kọ́ ọ̀nà. Ní 2007, wọ́n kúrò nínú aṣálẹ̀, wọ́n lọ dán an wò nínú ìlú àfarawé ní bárékè àwọn ológun òfuurufú tí wọ́n ti pa tì ní Victorville, Boss, ọkọ̀ Carnegie Mellon, sì borí. Ní 2009, Google kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kópa nínú ìdíje wọ̀nyí jọ. Iṣẹ́ wọn ló di ilé-iṣẹ́ tí wọ́n sọ ní Waymo ní 2016.

Láti ìgbà náà ni ìlérí ti ń já lu ìlérí. Ní 2016, Elon Musk ní kí 2017 tó parí, Tesla kan á ti Los Angeles dé New York láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan sítíárì. Kò ṣẹlẹ̀. Ní 2019, ó ní 2020 kò ní kọjá kí takisí Tesla tí kò ní dírẹ́bà tó mílíọ̀nù kan. Ó di oṣù Kẹfà 2025 kí díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní Austin, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà sì jókòó níwájú tó ń ṣọ́ ọ. Tí ẹnikẹ́ni bá tún dá ọdún fún yín, àní bó jẹ́ èmi, ẹ bi í pé èwo nínú èyí tó ti dá tẹ́lẹ̀ ló wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ojú rẹ̀. Ojú mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní. Kámẹ́rà ni àkọ́kọ́. Òun ló ń rí àwọ̀, ìyẹn iná pupa, iná bíréèkì ọkọ̀ iwájú, àti ọwọ́ ọlọ́pàá. Rádà ni ìkejì: ó ń rán ìgbì rédíò jáde, ó ń gbọ́ bó ṣe ń padà, ó sì ń sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó àti bó ṣe ń sáré tó. Kùrukùru àti òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Ìkẹta ni láídà, tó ń yí lórí ọkọ̀ bí agolo. Ẹ mọ bí àdán ṣe ń rìn lóru: á ké, ohùn rẹ̀ á bá ògiri padà wá bá a létí, á sì mọ ibi tí ògiri wà. Láídà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ lésà tí ojú wa kò rí ni tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 kí a tó ka ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀rọ náà sì lè ka ìyàtọ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa rí ni àwòrán gbogbo àyíká ní ẹyọ ẹyọ, bí ẹni fi iyanrìn ya ilé, ọkọ̀ àti èèyàn. Àwọn ọkọ̀ Waymo tuntun ní kámẹ́rà 13, láídà 4, rádà 6. Tesla ní kámẹ́rà nìkan tó òun, torí pé ojú lásán ni ọmọ èèyàn fi ń wakọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà á pátápátá. Èèyàn ń fi ojú wakọ̀, ó sì ń pa èèyàn lójoojúmọ́. Bí a bá lè fún ẹ̀rọ ní ju ohun tí a ní lọ, kí ló dé tí a ó fi du ú?

Lẹ́yìn ojú, máàpù ló kù. Kí Waymo tó gbé èrò ládùúgbò kan, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ á ti kọ́kọ́ rìn ín pẹ̀lú dírẹ́bà nígbà púpọ̀, wọ́n á ti ya etí títì, àmì ojú ọ̀nà àti òpó iná sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: kò lè jí wá sí ibi tí kò mọ̀.

Ìríran kọ́ ló wá nira jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ń bọ̀ ní Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá kan dúró sétí títì pẹ̀lú tírólì rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ti sọ̀kalẹ̀, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ẹ ti mọ̀ pé kò ní sọdá, ó ń dágbére ni. Ọmọkùnrin kan tún wà lápá kejì tí kò tíì sọ̀kalẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wà nínú fóònù, bọ́ọ̀sì tó ń sáré lé sì ti fẹ́ lọ. Òun lẹ ń tẹ bíréèkì dè. Ta ló kọ́ yín? Kò sẹ́ni tó kọ́ yín. Ayé tí ẹ ti gbé láàárín èèyàn ló kọ́ yín. Kí ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n, ó ní láti wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìyá bẹ́ẹ̀ àti irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó máa ṣírò ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbà, kó tún un ṣírò nígbà púpọ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tempe, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2018, ni mo máa ń fi ṣàlàyé fún ẹni tó bá rò pé bí ẹ̀rọ bá ti ríran, ó parí. Uber ló ń dán ọkọ̀ Volvo kan wò lóru. Obìnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ sọdá títì níbi tí kò sí àmì ìsọdá. Ọkọ̀ náà gbá a, obìnrin náà sì kú. Àjọ NTSB, tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, wá tú iṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ̀rọ náà rí obìnrin náà! Ìṣẹ́jú àáyá 5.6 kó tó gbá a ló ti rí i, ìyẹn láti nǹkan bí mítà 100. Ohun tó yẹ kó pè é ni kò mọ̀. Ó ní ọkọ̀ ni, ó ní rárá, nǹkan kan tí òun kò mọ̀ ni, ó ní kẹ̀kẹ́ ni. Ìgbàkígbà tó bá sì ti yí orúkọ padà, á gbàgbé ibi tí nǹkan náà ti ń bọ̀, á bẹ̀rẹ̀ ìṣírò lákọ̀tun, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Àwọn tó ṣe é kò sì fi sínú rẹ̀ rárá pé èèyàn lè sọdá níbi tí kò sí àmì ìsọdá. Wọ́n ti pa bíréèkì pàjáwìrì tí Volvo fúnra rẹ̀ ní, kó má baà máa bá kọ̀ǹpútà wọn jà. Ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ̀nà nínú ọkọ̀ ń wo ètò tẹlifíṣọ̀n lórí fóònù.

Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i: dírẹ́bà tó bá rí ohun kan lójú títì lóru, tí kò mọ̀ bóyá màlúù ni tàbí èèyàn, ṣé á dúró kó tó ronú lórúkọ? Ẹsẹ̀ á ti dé bíréèkì. Ìyẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kọ́ ẹ̀rọ láti ìgbà náà, pé ohun tí o kò bá mọ̀, rọra fún un.

Ti Cruise, ọmọ ilé-iṣẹ́ General Motors, tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 2023, ní San Francisco, ọkọ̀ tí èèyàn ń wà gbá obìnrin kan, ó sì jù ú síwájú ọkọ̀ Cruise kan tí kò ní dírẹ́bà. Ọkọ̀ Cruise náà tẹ bíréèkì, ó sì gbá a bákan náà. Ó dúró. Lẹ́yìn náà ló ní kóun kúrò lójú ọ̀nà kóun má baà dí àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, obìnrin náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì wọ́ ọ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20. Kò sí dírẹ́bà, bó ti wù kó ya òpè tó, tí kò ní mọ̀ pé ẹni tóun gbá kò tíì dìde. Àwọn aláṣẹ California gba ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ náà kí oṣù náà tó parí, wọ́n ní kò sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún àwọn. Ní oṣù Kejìlá 2024, General Motors ní òun kò náwó sí takisí aláìnídírẹ́bà mọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ "ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀", ẹ máa bi ara yín pé ipele wo ni. Láti 0 dé 5 ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ pín in, ṣùgbọ́n 2 àti 4 nìkan ló kàn yín. Ní ipele 2, ẹ̀rọ lè di sítíárì mú, ó lè tẹná, àmọ́ ẹ̀yin ni dírẹ́bà. Bí ó bá gbá ẹnikẹ́ni, orí yín ni. Tesla tí àwọn èèyàn ń rà lọ sílé, ibẹ̀ ló wà, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sára rẹ̀. Ní ipele 4, kò sí dírẹ́bà rárá, ṣùgbọ́n àdúgbò tí wọ́n yà fún un nìkan ló ti lè ṣiṣẹ́. Waymo nìyẹn. Ipele 5, ìyẹn ọkọ̀ tó lè lọ síbi gbogbo tí èèyàn lè lọ, kò tíì sí níbì kankan láyé.

N kò ní fi Waymo ṣeré o, torí ó ń ṣiṣẹ́. Láti Phoenix ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé San Francisco, Los Angeles, Austin àti Atlanta. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé-iṣẹ́ náà ní ìrìnàjò tí èrò ń sanwó fún ti lé ní 250,000 lọ́sẹ̀ kan. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò Swiss Re bá wọn yẹ ìrìn máìlì mílíọ̀nù 25 wò. Bí a bá fi í wé èèyàn tó ń wakọ̀, ẹ̀sùn pé ẹnì kan farapa fi ìdá 92 nínú ìdá 100 dín. Waymo lọ́wọ́ nínú ìwádìí náà, kí ẹ mọ̀. Síbẹ̀, adójútòfò kì í fi owó tirẹ̀ ṣàwàdà, mo sì gbà pé ní ojú ọ̀nà tí wọ́n yàn fún un, ó ń ṣọ́ra ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Kì í mutí, kì í tòògbé, kì í bínú. Ní 2015, Steve Mahan, tó jẹ́ afọ́jú, dá jókòó nínú ọ̀kan ní Austin, ó sì rin ìlú láìsí ẹnikẹ́ni nídìí sítíárì. Ẹni tó bá ní nǹkan yìí kò wúlò, kó lọ sọ ọ́ níwájú ọkùnrin náà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti oṣù Kejìlá 2025. Iná lọ ní apá púpọ̀ nínú San Francisco. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n "múná lọ" níbẹ̀ náà! Iná tó ń darí ọkọ̀ kú ní oríta. Ẹ̀yin mọ ohun tí a máa ń ṣe: a ó na ọrùn, a ó ju ọwọ́ síra wa, ìwọ lọ, èmi náà ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ Waymo dúró gbagidi sójú títì, wọ́n dí ọ̀nà, títí ilé-iṣẹ́ náà fi dá iṣẹ́ dúró. Èèyàn wà ní ọ́fíìsì wọn tí ọkọ̀ máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn bí nǹkan bá dojú rú, ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá béèrè lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Kódà, bí èrò bá sọ̀kalẹ̀ nínú Jaguar wọn tí kò ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ náà kò ní lè kúrò, àfi kí ẹnì kan wá bá a tì í.

Ó wá kù ti London. Automated Vehicles Act, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, wọlé ní oṣù Karùn-ún 2024. Ó ní ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dára tó dírẹ́bà tó mọṣẹ́ tó sì ń ṣọ́ra, ó kéré tán. Ó tún ní nígbà tí ẹ̀rọ bá ń wakọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ìwakọ̀ kò sí lórí ẹni tó jókòó síbẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ ló máa jẹ́jọ́. Lójú tèmi, gbólóhùn yẹn lágbára ju láídà lọ, torí pé ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ pé òun ni wọ́n máa pè kò ní sáré kó ọkọ̀ jáde. Ọdún 2027 ni wọ́n fojú sí kí òfin náà tó ṣiṣẹ́ tán, àmọ́ ìjọba gbà kí takisí díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò láti ìgbà ìrúwé 2026. Waymo kéde ní oṣù Kẹwàá 2025 pé London wà lára ibi tí òun ń bọ̀. Uber àti Wayve náà ti jọ ṣàdéhùn. Cambridge ni Wayve ti bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ọgbọ́n tirẹ̀ sì yàtọ̀: kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé máàpù, ńṣe ló ń wo bí èèyàn ṣe ń wakọ̀, tó ń fi kọ́ṣẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Òun ni mo máa ń ṣọ́ jù, torí bí ọgbọ́n yẹn bá jẹ́, àdúgbò tuntun kò ní náni lówó tó ti Waymo mọ́. Ti pé ó dà bíi takisí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní London gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní London, ẹ̀yin náà sì mọ TfL.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kékeré kan. Ní 1865, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé ọkọ̀ tí ẹṣin kò fà gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó ń fẹsẹ̀ rìn níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àsíá pupa, kó má sì ju máìlì 2 lọ ní wákàtí kan nínú ìlú. Ó di 1896 kí òfin tó jẹ́ kí ọkọ̀ kékeré máa lọ láìsí ẹni tó ń rìn níwájú. Ẹni tí ẹ máa rí lọ́dún yìí nídìí sítíárì ọkọ̀ ìdánwò, tó káwọ́ lé itan, ọmọ alásìá pupa ni. Kò ní lo ọdún 31, ṣùgbọ́n kò ní lọ lọ́la.

Ní ti owó yín nísinsìnyí. Àwọn tó ní ìwé àṣẹ mínikáàbù ní London lé ní 100,000. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 16 tí Google bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ Waymo jẹ́ ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ní òpin 2025. Nítorí náà kì í ṣe pé ẹ ó jí lọ́jọ́ kan kí fóònù má dún mọ́. Ohun tí mo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ ni pé ìrìnàjò kúkúrú ní àárín ìlú, láti ọ́fíìsì dé sitéṣọ̀n, láti ilé-oúnjẹ dé hòtẹ́ẹ̀lì, ló máa kọ́kọ́ di tiwọn, owó tí wọ́n ń gbà lórí irú rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ìyẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í dun dírẹ́bà láàárín ọdún 3 sí 5. Ìgbà tí gbèsè yín bá ku ọdún 2 nìyẹn, mọ́tò á sì ti gbó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wá èyí tí ẹ lè san tán láàárín ọdún 3, bó tilẹ̀ jẹ́ mọ́tò tí ẹlòmíràn ti lò díẹ̀, tàbí èyí tí ẹ lè dá padà láìsan owó ìtanràn ńlá. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìdápadà sí nínú ìwé náà, lẹ́tà kékeré ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ tí èèyàn wà nínú rẹ̀ ló máa pẹ́ lọ́wọ́ yín jù. Ẹ̀rọ wo ló máa sọ̀kalẹ̀ lọ mú ìyá arúgbó lọ́wọ́ láti ẹnu ọ̀nà King's College Hospital, kó ká kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sínú búùtù? Ọmọ tó nílò ìtọ́jú pàtàkì, tí káńsù ń sanwó kí wọ́n gbé e lọ sí iléèwé láràárọ̀, ta ló máa bá a de bẹ́líìtì? Àti àwa fúnra wa ńkọ́, tí a ń lọ Heathrow pẹ̀lú àpótí mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ ju kílò 23 lọ, tí a tún fẹ́ yà ní ilé ẹ̀gbọ́n kan gba ẹrù tó rán sílé? Bí ẹ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ káńsù, ẹ lọ bèèrè kí ọdún iléèwé tuntun tó wọlé.

Fún àbúrò yín ní Ìbàdàn, kó fọkàn balẹ̀ ní ti takisí aláìnídírẹ́bà. Kì í ṣe torí pé kò sí ìlà lójú títì ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ní Iwo Road, ọ̀nà jẹ́ ohun tí a ń dúnàádúrà lé: hóònù, ojú, ọwọ́ kọ̀ǹdọ́. Ọkọ̀ tó bá ń yọ̀ǹda fún gbogbo ẹni tó bá ti imú bọ̀ ọ́ níwájú á wà lójú kan náà di alẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ̀rọ olówó iyebíye yìí ń rọ́pò owó iṣẹ́ dírẹ́bà ni. Níbi tí owó iṣẹ́ dírẹ́bà bá ti kéré, èrè kò sí níbẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ọ̀nà mìíràn ló máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ti ń dé. Inú tòkunbọ̀ ló wà. Mọ́tò tó bá ti bíi ọdún 2018 wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bíréèkì tó lè tẹ ara rẹ̀, kámẹ́rà rẹ̀ sì wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Bí gíláàsì yẹn bá fọ́ tí wọ́n fi òmíràn sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ojú kámẹ́rà náà tò, torí bó bá fi díẹ̀ wọ́, mọ́tò lè tẹ bíréèkì nígbà tí kò sí nǹkan níwájú, tàbí kó má tẹ̀ ẹ́ nígbà tí nǹkan wà. Pátákó àmì kan àti kọ̀ǹpútà tó ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń tò ó. Kó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń pààrọ̀ gíláàsì ládùúgbò rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń ṣe é. Bí kò bá sí, kó kọ́ iṣẹ́ náà.